Kẹ́ẹ̀gì Tó Lóyún ní Ìbà

Ní ọdún 1989, bí ẹ bá dé Ìbà tí ẹ béèrè ilé alága ẹgbẹ́ onílé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Ìyá Abọ́lá tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi, ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ bàbá rẹ̀ á nawọ́ sí ibẹ̀. Àrínọlá ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Ìmẹ̀kọ ni. Ó ń ta epo òyìnbó lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì, òórùn kẹrosíìnì kì í sì í kúrò lára rẹ̀, àní bó bá wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi. Kò ga, kò sanra, àmọ́ ohùn ńkọ́? Bó bá pe ènìyàn ní Ìbà, ẹni tó dúró ní Okokomáíkò á wẹ̀yìn.

Àwọn onílé ló pawọ́ pọ̀ gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ náà. Wọ́n gbé tánkì lé orí òpó, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa fa omi sókè. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, aago mẹ́jọ ni wọ́n ń pa á. Ẹni tí kò bá rí omi pọn láàárín wákàtí méjì yẹn, ó di ọjọ́ kejì. Ní oṣù àkọ́kọ́, bùbá ya níbẹ̀, garawa fọ́ níbẹ̀, eyín mẹ́ta sì bọ́, tí a kò rí ẹni tó ni ọ̀kan nínú wọn títí di òní. Ìgbà náà ni Bàbá Ọládàpọ̀, alága ẹgbẹ́ onílé, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, béèrè pé ta ló lè di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ mú. Gbogbo ọwọ́ ló nà sí Àrínọlá. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló fi àrọ tó fi ń rọ epo lé àwọn géndé ọkùnrin méjì tó ń jà níwájú àtẹ rẹ̀, tí wọ́n sì sáré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ lásán lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Àyìndé, ń wa tírélà lọ sí Àgbádárìgì. Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ọdún mẹ́fà ṣáájú àkókò yìí, ó jáde nílé, kò sì padà wá. Nígbà tí wọ́n máa rí i, ó ti ń gbé pẹ̀lú obìnrin Ẹ̀gùn kan lọ́hùn-ún, ó ti bímọ méjì. Láti ìgbà náà, bí Àrínọlá bá ń kọjá, àwọn obìnrin á rẹ ohùn sílẹ̀, á sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ. Ìtìjú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àfìgbà tí kọ́kọ́rọ́ dọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Ó di ènìyàn padà, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá lọ, ìyàwó tí ọkọ fi sílẹ̀ náà ni òun á tún dà.

Bó ti gba kọ́kọ́rọ́ ló ṣòfin. Nídìí ẹ̀rọ yẹn, kẹ́ẹ̀gì ló ń tò, kì í ṣe ènìyàn. Ẹ ó gbé kẹ́ẹ̀gì yín kalẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹ ó padà sílé lọ gbálẹ̀, tó bá kàn yín ẹ ó wá pọn. Àrínọlá wá fa àwọn aṣọ àlòkù ya, ó ní kí wọ́n máa so àkísà mọ́ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì. Àkísà funfun ti àgbà ni, pupa ti aboyún àti ìyálọ́mọ. Iwájú ni méjèèjì ń wà. Ẹni tí kò ní àkísà ń bẹ láàárín. Ẹ̀yìn pátápátá ni àkísà dúdú wà, ti àpọ́n, ti àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, àti ti Ẹ̀gùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òfin náà le, á ní nínú ṣọ́ọ̀ṣì òun, ọkùnrin ń jókòó lápá kan, obìnrin lápá kan, Ọlọ́run kò sì bínú. Bí wọ́n bá béèrè kí ni Ẹ̀gùn ṣe, á ní, "Ọmọ ọ̀sà ni wọ́n. Omi ló bí wọn. Kí ni wọ́n tún ń wá lọ́dọ̀ọ wa?" Ẹ̀gùn méjì péré ló wà ní àdúgbò nígbà náà, gbẹ́nàgbẹ́nà ni àwọn méjèèjì. Wọ́n so àkísà wọn, wọn ò fọhùn.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń fọhùn ni Ọ̀gbẹ́ni Gabriel Ilésanmí, ará Èkìtì tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Ohun tó ń kọ́ni kò yé ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Wọ́n ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Àrínọlá ní ta ló wá kọ́ àwọn tó ronú kan jẹnẹrétọ̀. Ilésanmí kò dàgbà, kò lóyún, ó sì ti gbéyàwó, nítorí náà kò ní àkísà kankan. Bó bá fi máa kàn án, aago mẹ́jọ ti fẹ́ lù.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà dé, tí àwọn kànga inú ọgbà gbẹ, oyún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Ìbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Àrínọlá ka àkísà pupa mẹ́tàdínlógún. Ó sì mọ̀ dájú pé aboyún mẹ́ta àti ìyálọ́mọ mẹ́rin péré ló wà ní gbogbo òpópónà mẹ́ta tó yí wọn ká. Ó pariwo pé kí oníkálukú wá dúró ti oyún rẹ̀. Àwọn olóyún jáde wá, mẹ́fà nínú wọn ní irùngbọ̀n.

"Àsánì," Àrínọlá bi ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, "oṣù mélòó loyún tìẹ?"

Àsánì wolẹ̀. "Ìyàwó mi ló ni ín, mà."

"Ìyàwó wo? Ṣebí ìwọ lo bẹ̀ mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n bá ọ wá ìyàwó?"

"Òun náà ni, mà. Mo ní kí n ti máa múra sílẹ̀ dè é."

Ṣọlá aránṣọ ní tiẹ̀ gbé ikùn wá, ikùn ńlá tó yọ síwájú. Àrínọlá wò ó, ó ní kó máa pọn. Ṣọlá bẹ̀rẹ̀ láti gbé kẹ́ẹ̀gì, ni ikùn bá yà sí ẹ̀gbẹ́. Ó tún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ni ìrọ̀rí kékeré kan bá jábọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ó ti sọ̀ kalẹ̀!" Àrínọlá mú ìrọ̀rí náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní bàbá rẹ̀ ló jọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ṣọlá fi gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo sá lọ, kò sì wá pọnmi fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ilésanmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá Abọ́lá, ẹ ò rí nǹkan tí mò ń wí? Ẹ ń to ọmọ èèyàn bí ẹni ń to ẹrù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe ẹgbẹ́ tó ti wá. Dìskrìmìnéṣọ̀n lèyí, mà."

"Ọ̀gá, ẹ má sọ òyìnbó sómi wa," Àrínọlá dá a lóhùn. "Kò ní kún sí i."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Sẹ́wánù dé. Ọ̀kan nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wọ̀nyẹn ló lọ fẹ́ ẹ wá láti ilé, ọmọbìnrin Ẹ̀gùn tí kò tíì ju ọdún méjìlélógún lọ, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Ti èyí kì í ṣe ìrọ̀rí. Ó ti béèrè òfin ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, ó sì tẹ̀ lé e láìyẹ̀. Ó so àkísà pupa mọ́ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ nítorí oyún, ó so dúdú mọ́ ọn nítorí pé Ẹ̀gùn ni òun. Ó gbé e kalẹ̀, ó dúró tì í.

Àrínọlá wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo Sẹ́wánù, ó tún wo kẹ́ẹ̀gì. Òfin tó fẹnu ara rẹ̀ ṣe ló dúró níwájú rẹ̀ yìí, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Iwájú ni, oyún ni!" ni àwọn kan wí.

"Ẹ̀yìn ni, Ẹ̀gùn ni!" ni àwọn mìíràn wí.

Àsánì ní kí oyún lọ síwájú, kí Ẹ̀gùn dúró sẹ́yìn. Wọ́n ní kó jókòó.

Níkẹyìn, Àrínọlá ka gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà nílẹ̀, ó pín in sí méjì, ó gbé ti Sẹ́wánù sí àárín gbùngbùn. Ó ní ìdájọ́ òdodo nìyẹn. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú lọ́jọ́ náà, omi ń ṣe tíntín. Sẹ́wánù dúró pẹ̀lú ọwọ́ níbàdí láti aago mẹ́fà. Nígbà tó ku kẹ́ẹ̀gì méjì kó kàn án, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ó ń lọ sílé bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Àrínọlá wò ó títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ kò dùn, àmọ́ ó ní òfin ni òfin, ó lọ ta epo rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Ilésanmí kọ ìwé ẹ̀sùn olójú ewé mẹ́rin sí ẹgbẹ́ onílé. Bàbá Ọládàpọ̀ ka ojú ewé méjì, orí fọ́ ọ. Ó pe ìpàdé, ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ pé ọ̀mọ̀wé mọ bó ṣe yẹ kó rí, kí ọ̀mọ̀wé gba kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àrínọlá tú u kúrò létí ìró rẹ̀, ó fà á lé e lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tó wá ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, wọ́n ní "Ìgò kan, ẹ jọ̀ọ́." Kò sẹ́ni tó tẹ eékún. Ó ṣe é bí ẹni pé kò rí i, ṣùgbọ́n ó rí i, ó sì dùn ún dọ́kàn.

Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí gbé tábìlì wá sídìí ẹ̀rọ, ó gbé ìwé àti bírò lé e. Ó ní àkísà ti tán. Ẹnì kọ̀ọ̀kan máa wá jókòó, á sọ ipò tó wà gan-an, òun á sì fún un ní ààyè tó tọ́ sí i. Ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó ni Bàbá Àìná, arúgbó tí kò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ogun Hitler. Ẹnì kejì ka gbogbo àrùn tó wà nínú ilé, títí kan ti àgbò tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tí wọ́n ti ọjà Alábà Rágò fà wá ní ọdún Iléyá. Nígbà tó kan Àsánì, ó ní ìyá ìyá òun ń ṣàìsàn ní Ìsẹ́yìn. Ilésanmí ní báwo ni omi Ìbà ṣe máa dé Ìsẹ́yìn. Àsánì ní òun rò pé ipò tí òun wà ni wọ́n béèrè. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, ènìyàn mẹ́sàn-án péré ló ti rojọ́ tán. Tánkì kún dẹ́múdẹ́mú, ogún ilé kò rómi sè. Ilésanmí pàápàá kò wẹ̀ kó tó lọ kọ́ni. Ó fi lọ́fínńdà para, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń jókòó níwájú sì sún sẹ́yìn.

Ọjọ́ kejì kò sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọjọ́ kẹta, Àsánì ti kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìnlá dé lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kó tó la ẹnu, Ilésanmí fò dìde, ó figbe ta, "Ẹ̀yin oníbúlọ́ọ̀kù, ẹ bọ́ sẹ́yìn!" Bó ti wí i tán ló bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti gbọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ bá Àrínọlá nídìí àtẹ, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, dọ̀bálẹ̀ ọ̀mọ̀wé.

"Màmá Abọ́lá, mo ti rí i pé ẹ kì í ṣe wèrè."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Èmi ò tíì dá ẹ̀yin láre o."

"Bàbá Alága ní ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́ padà. Àmọ́ lọ́la, wọ́n á wá sídìí ẹ̀rọ. Ẹ ó sọ ìdí òfin kọ̀ọ̀kan lójú ẹni tí òfin náà tì sẹ́yìn. Bí a bá rí ẹyọ kan tí kò nídìí, kọ́kọ́rọ́ á kúrò lọ́wọ́ yín pátápátá." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà lápò, ó gbé e lé orí àtẹ.

Àrínọlá rọ epo fún oníbàárà kan, epo kún ìgò, ó ń dà sílẹ̀, kò mọ̀. Òfin kan wà tó ń bà á lẹ́rù, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bà á lẹ́rù lónìí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Ọládàpọ̀ àti àwọn àgbà méjì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àrínọlá kọjú sí Ilésanmí lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, mo fi àgbà ṣáájú yín nítorí pé orúnkún àgbà kì í dúró pẹ́."

"Bàbá Àìná ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọ̀jọ́, mà. Wọ́n lágbára jù mí lọ."

"Mo mọ̀. Àmọ́ bí mo bá ní kí n máa yẹ orúnkún wò lọ́kọ̀ọ̀kan, aago mẹ́jọ á lù. Ṣebí ẹ̀yin náà ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ẹ̀rín ta, Ilésanmí náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ó kan Àsánì. "Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìnlá lò ń gbé wá. Búlọ́ọ̀kù rẹ kò lọ iléèwé, kò sì sẹ́ni tó ń lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà tó bá pẹ́ dé. Lọ́jọ́ tó o bá gbé ẹyọ kan wá bíi tàwọn yòókù, o ò sí lẹ́yìn mọ́."

"Ti àpọ́n ńkọ́, mà?"

"Àpọ́n ò ní ọmọ tó ń ké fún ẹ̀kọ láàárọ̀. Tí ìwọ ò bá sì wẹ̀, ta ló fẹ́ gbóòórùn rẹ?"

Àsánì ní òótọ́ ni, àmọ́ ó dun òun.

Ó wá ku Sẹ́wánù. Ó dúró ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ alákìísà méjì, ó ń wo Àrínọlá tààrà, kò bínú, ó kàn fẹ́ gbọ́ ni. Àrínọlá wo àkísà dúdú náà, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́. Bàbá Ọládàpọ̀, tí kò fẹ́ kí ẹni rere tẹ́, rọra ṣílẹ̀kùn fún un. "Ìyá Abọ́lá, ṣebí nítorí ọ̀sà ni? Ẹ ní wọ́n lómi tiwọn."

Ó rọrùn láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ á dúró, ìkúnlẹ̀ òwúrọ̀ á dúró. Àrínọlá wo ikùn ọmọbìnrin náà, ó rántí bó ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ sílé.

"Rárá, Bàbá," ó ní. "Ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi. Bí ọ̀sà bá wà níbẹ̀, èmi náà ì bá ti máa pọn ọ́n." Ó mí kanlẹ̀. "Ọkọ mi ló fi mí sílẹ̀ tó lọ fẹ́ Ẹ̀gùn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Kò sí òmíràn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Fún ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ jáde rí. Omi lé sójú rẹ̀, inú sì bí i sí omi náà.

Sẹ́wánù rò ó wò. Yorùbá rẹ̀ kì í yá. "Mà," ó ní, "ṣé èmi ni ọkọ yín fẹ́?"

"Rárá. Ìwọ kọ́."

"Ṣé mo mọ̀ wọ́n?"

"O ò mọ̀ wọ́n."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Sẹ́wánù wí.

Àrínọlá tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró, ó gbé e fún Bàbá Ọládàpọ̀. Bàbá gbà á, ó yíjú sí àwọn ènìyàn, ó ní ta ni á gbà á. Àwọn àgbà méjì ń wo òkè bí ẹni ń retí òjò. Ilésanmí ti kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ sì ti ń dún láti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bàbá ní, "Ìyá Abọ́lá, ẹ ṣì bá wa dì í mú ná, ká fi rí ẹlòmíràn." Wọ́n wá ẹlòmíràn náà títí di ọdún 1997 tí kànga fi gbẹ, wọn ò rí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Àrínọlá já àkísà dúdú kúrò lára kẹ́ẹ̀gì Sẹ́wánù, ó ní ti Ẹ̀gùn ti tán. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì náà kọjá gbogbo àkísà funfun, kọjá gbogbo pupa, ó gbé e sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ gan-an. Ó rò pé ohun tó kù tí òun lè ṣe nìyẹn.

Sẹ́wánù tẹ̀ lé e wá. Ó di ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì mú, ó rọra fà á padà, títí ó fi dé ẹ̀yìn àwọn aboyún mẹ́ta tó ti wà nílẹ̀.

"Àwọn yìí ti ṣáájú mi dé, mà," ó ní. "Oyún ni gbogbo wa gbé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àrínọlá lára ju èébú lọ. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ohùn rẹ̀ kò sì ròkè ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó ṣí àgádágodo ẹnu ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́.